Ọba Tí Kò Ráyè Kú Tán

Ọjọ́ tí Ìyá Ẹgbẹ́ bá ewúrẹ́ kan lórí ìtẹ́ ọba ni ọ̀rọ̀ wa yí padà. Ààtàn tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni ìtẹ́ náà wà o, kì í ṣe ààfin. Àwa fúnra wa la kó o dà síbẹ̀: ìtẹ́, òpó tí a kùn láwọ̀ wúrà, ògiri ààfin tí a fi pákó kàn, gbogbo ohun tí a fi ṣe eré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Bí a ti máa ń ṣe é nìyẹn. Eré tuntun dé, a ra pákó tuntun, a ra aṣọ tuntun. Eré parí, ó di ààtàn. Ewúrẹ́ náà fìdí kalẹ̀ sórí tìmùtìmù, ó ń jẹ adé tí a fi páálí ṣe, ó sì ń wo Ìyá Ẹgbẹ́ bí ọba tó ń retí kí wọ́n wá kí òun.

Ìyá Ẹgbẹ́ ló kó wa jọ, òun ló ń kọ eré, òun ló ń darí wa. Obìnrin tí kì í fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìgbàdúrà ni. Ó dúró níwájú ewúrẹ́ náà, ó ní, "Ìwọ yìí mọ ìtẹ́ jókòó ju ọba wa lọ, o ò sì ṣiṣẹ́ mọ́jú." Ni ojú bá tì í.

Ó yẹ kí ojú tì í, ó yẹ kó ti gbogbo wa. Lásìkò eré tó parí yẹn, a kì í délé kí àkùkọ tó kọ. Aránṣọ wa tòògbé sídìí ẹ̀rọ, ó sì rán apá aṣọ ara rẹ̀ mọ́ ti olorì. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ jáde sórí ìtàgé lọ́jọ́ náà, tí wọ́n jọ fẹ́ ọba. Awakọ̀ wa, tó ń wa ọkọ̀ ẹgbẹ́, tó tún ń ṣe ìjòyè ọ̀dàlẹ̀, ohùn rẹ̀ há pátápátá; ọwọ́ ló fi dalẹ̀. Ẹni tó ṣe òkú sì ń hanrun. Àwọn òǹwòran ní, "Òkú yìí mà sùn o!" Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ṣàánú wa tí eré kò fi di òótọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ẹgbẹ́ pè wá jọ. Ó di ojú, ó ní, "Ọlọ́run Ọba, jẹ́ ká ṣe iṣẹ́ yìí kó dára. Má jẹ́ kí iṣẹ́ yìí ṣe wá." A ṣe àmín tó mi òrùlé. Ó wá mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i: IṢẸ́ IBÍ YÌÍ KÒ GBỌDỌ̀ PA ẸNIKẸ́NI.

Ó ṣàlàyé. Ó ní a ò ní í ra nǹkan tuntun fún eré mọ́. Ohun tí a bá nílò, a ó yá a, bí iṣẹ́ ọjọ́ kan bá sì ti parí, olóhun á gbé ohun rẹ̀ relé. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ẹnìkejì rẹ̀ lórí ìtàgé láìkọ́kọ́ tọrọ àyè. Ó wá ní, bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, iṣẹ́ parí, ì báà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu èèyàn. Kó gbé e mì. Á bá a nínú lọ́la.

"Ìyá wa," ohùn kan wá láti ẹ̀yìn, "ẹ ní iṣẹ́ ò gbọdọ̀ pa èèyàn. Èmi tó jẹ́ pé kíkú ni iṣẹ́ mi ńkọ́?"

Ẹ̀rín bú. Akúpẹ́ ló sọ̀rọ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn, àwa la fún un. Òun ló ń ṣe ọba fún wa. Gbogbo ọba tó bá ṣe ló máa ń burú, gbogbo ọba tó bá burú ló sì ń kú ní ìparí eré, ṣùgbọ́n kíkú Akúpẹ́ kì í ṣe kíkú ojú bọ̀rọ̀. A tilẹ̀ ní oríkì tí a máa ń fi kí i tó bá ń bọ̀:

Akúpẹ́, ọmọ alágogo,
A-kú-má-lọ bí àlejò tó ti dágbére,
Tó dé ẹnu ọ̀nà, tó tún bèèrè omi.
Ó ṣubú, a ní ó tán;
Ó gbórí sókè, ó ní ó ku gbólóhùn kan.
Ikú dúró dè é, ikú jókòó,
Ikú wo ojú oòrùn, ikú ní òun á padà wá.

Ìyàwó rẹ̀ kì í bá wa kì í. Á ní, "Ẹ bá mi pè é ní Apẹ́láyé o, ẹnu yín ò dáa." Ṣùgbọ́n òun náà ni ẹkún rẹ̀ máa ń pọ̀ jù tí ọkọ rẹ̀ bá ń kú lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ wá ku agogo tí a ó máa fi mọ̀ pé aago mẹ́fà ti lù. Aago gbọ̀ngàn wa wà lókè ilẹ̀kùn àbáwọlé, lẹ́yìn àwọn òǹwòran. Ó ń rìn, ṣùgbọ́n kì í dún, ẹni tí eré bá sì ti wọ̀ lára kì í wo aago. Ni Akúpẹ́ bá ní, "Agogo wà nílé bàbá mi." Bó ṣe sọ ọ́, mo mọ̀ pé agogo nìkan kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Èmi ni mo máa ń dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé tí mò ń rán àwọn òṣèré létí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbàgbé. Akúpẹ́ ní kí n sin òun lọ. Ó ní, "Àbúrò mi, níwájú gbọ̀ngàn tó kún, ọ̀rọ̀ kì í há mi lẹ́nu. Níwájú bàbá mi, mo lè gbàgbé orúkọ ara mi." Nígbà tí a dé ọ̀nà, ó wá tú inú rẹ̀ fún mi. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kú lójú àwọn àlejò. Bàbá mi nìkan ni kò tíì rí i. Eré wo ni mi ò pè é sí? Bó bá lè jókòó títí dé ìparí lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò tún ní í tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí iṣẹ́ yìí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á gbọ́."

Ọmọ alágogo ni lóòótọ́. Ilé-iṣẹ́ pákó ni bàbá rẹ̀ ti lu agogo láti ìgbà èwe títí tó fi fẹ̀yìn tì: agogo ìwọlé, agogo oúnjẹ, agogo ìlọsílé. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kó máa gbé agogo náà lọ, nítorí kò sẹ́ni tó láyà láti lù ú lẹ́yìn rẹ̀. Orí tábìlì pálọ̀ ló gbé e sí, ó fi aṣọ ìnura bò ó bí ẹni bo búrẹ́dì gbígbóná.

Akúpẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá."

"Dìde kíá. Wọ́n ní tó o bá ti balẹ̀, o kì í tètè dìde."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wò mí. "Ta nìyí?"

"Àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, Bàbá."

"Iṣẹ́." Bàbá pè é bí ẹni tó he òkúta nínú ìrẹsì. "Iṣẹ́ tí kò ní agogo. Ìyà tí wọ́n wọ̀ láṣọ ni mò ń pe ìyẹn."

Akúpẹ́ la ẹnu, ọ̀rọ̀ há. Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀: "Ohun tó gbé wa wá gan-an nìyẹn, Bàbá."

"Ohun tó gbé wa wá gan-an nìyẹn, Bàbá," ni Akúpẹ́ wí.

"A fẹ́ ní agogo," ni mo wí.

"A fẹ́ ní agogo," ni Akúpẹ́ wí.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Ṣé àyà ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu ẹ̀ tó sọ ọ́ ni? Ìwọ ọmọbìnrin, kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Jókòó síbi tí mo ti lè rí ẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa bá mi sọ̀rọ̀."

Akúpẹ́ làágùn, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ó sọ ti ewúrẹ́, ó sọ ti aṣọ tí wọ́n rán mọ́ra, ó sọ ti ọ̀rọ̀ tí a kọ sára ògiri. Bàbá ń tẹ́tí. Ọwọ́ rẹ̀ sì ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ síbi aṣọ ìnura.

"Aago mẹ́fà, lo wí?"

"Aago mẹ́fà, Bàbá."

"Kò sí 'ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i'?"

"Kò sí."

"Kò sí 'ó ku díẹ̀ ká parí'?"

"Kò sí, Bàbá. Onílé á relé."

"Àjò kì í dùn kí onílé má relé," Bàbá wí, ó sì ṣí aṣọ kúrò lórí agogo. Agogo náà ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. "Ẹ gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mú agogo yìí, mi ò lù ú ṣáájú àkókò rí, mi ò lù ú lẹ́yìn àkókò rí. Ọ̀gá àgbà bẹ̀ mí lọ́jọ́ kan kí n dá a dúró díẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ bẹ oòrùn. Agogo mi kì í dá rìn. Bó bá ń lọ, èmi náà ń lọ."

Inú Akúpẹ́ dùn débi pé ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n Bàbá ṣì ń wò ó.

"Kí ni ìwọ ń ṣe nínú eré ọ̀hún?"

"Ọba ni mí, Bàbá."

"Ọba dára. Kí ló wá ṣe ọba náà ní ìparí?"

Akúpẹ́ wò mí. Mi ò rán an létí ohunkóhun. "Wọ́n gún un, Bàbá."

Bàbá fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Orúnkún yìí," ló wí, "kì í jẹ́ kí n lè jókòó pẹ́ níbi èrò."

Akúpẹ́ sọ fún mi nígbà tí à ń bọ̀ pé ohun tó máa ń sọ nìyẹn ní gbogbo ìgbà. Nígbà mìíràn ó lè jẹ́ òtútù, nígbà mìíràn ó lè jẹ́ adìyẹ tí kò tíì wọlé. Bí wọ́n bá ti sọ ìparí eré fún un báyìí, àìsàn kan á dìde lára rẹ̀.

Síbẹ̀ ó wá. Ojoojúmọ́ ló ń gbé agogo wá, ó sì ń jókòó síta lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú aago ọwọ́ rẹ̀. A ní kó wọlé, ó ní ooru pọ̀ nínú ilé. Ó ní aago ló kan òun, kò kan òun bí ọba bá ń ṣe wèrè.

Àwa náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá nǹkan. Ìtẹ́ ọba di àga onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, irú èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ tó ń ga sókè, tó sì ń yí bírí. Asẹ́ tí ìyàwó Akúpẹ́ fi ń sẹ́ ìrẹsì di adé. Bí iná bá tàn sí i, ihò rẹ̀ á fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká bí ìràwọ̀. A ò ní adé tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Aṣọ ìtẹ́bùsùn olódòdó Aránṣọ la fi ṣe aṣọ ìkélé, kọ́tìnì yàrá Ìyá Ẹgbẹ́ sì di ẹ̀wù ọba, ìkọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Ọ̀bẹ ọ̀dàlẹ̀ ńkọ́? Ọ̀bẹ kékeré tí Awakọ̀ fi ń pa bọ́tà sí búrẹ́dì láàárọ̀ ni. Kò lè gé ohun tó le ju bọ́tà lọ, bọ́tà náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ́ díẹ̀.

Awakọ̀ yìí ló gba ọ̀rọ̀ àyè títọrọ sí ọkàn ju gbogbo wa lọ. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ìwà ọ̀dàlẹ̀ máa ń ni í lára láti ṣe. Á fa ọ̀bẹ yọ, á tún dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Ṣé mo lè gún yín?"

"Gún mi, àbúrò. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni o, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń ro mí."

"Ṣé kí n yí ọ̀bẹ náà díẹ̀ nínú yín?"

"Yí i dáadáa. Má ṣojú àánú."

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ìfaradà."

Ìyá Ẹgbẹ́ ní ìdánrawò nìkan ni kó ti máa tọrọ àyè, kó má ṣe é lójú òǹwòran. Awakọ̀ ní òun ti gbọ́.

Bí agogo Bàbá bá wá dún lóde, gbàùn! ọ̀rọ̀ á dá lẹ́nu. Níbẹ̀rẹ̀, ó nira. Akúpẹ́ á ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ gbólóhùn yìí tán," Ìyá Ẹgbẹ́ á nawọ́ sí ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó mọ́ wa lára débi pé ọwọ́ ń ṣe é kí orí tó gbọ́. Gbàùn! Awakọ̀ ti mú ọ̀bẹ rẹ̀, Aránṣọ ti ká aṣọ ìtẹ́bùsùn, ìyàwó Akúpẹ́ ti ṣí asẹ́ kúrò lórí ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀ sì ti ń ti àga rẹ̀ sọdá títì. Aránṣọ ní fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí òun ti wọ ẹgbẹ́, òun mọ àwọ̀ tí ojú ọ̀run máa ń ní nírọ̀lẹ́. Awakọ̀ ní ọmọ òun kì í bèèrè mọ́ pé, "Ìyá mi, ta ni ọkùnrin yìí?"

Ọjọ́ eré pé. Gbọ̀ngàn kún. Ìyá Ẹgbẹ́ lọ bá Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òde ti kún fún ariwo ọkọ̀, pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ agogo nínú ilé bó bá lù ú láti ìta. Ó ní òun ti gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé gan-an fún un, àga olùlù-agogo. Bàbá wo orúnkún rẹ̀, orúnkún náà kò wí nǹkan kan. Ó wọlé. Kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló wọ̀, ó gbé agogo lé itan. Akúpẹ́ ń yọjú wò ó láti ẹ̀yìn òdòdó aṣọ ìtẹ́bùsùn. "Àbúrò, ó jókòó. Ṣé o rí i? Ó jókòó!"

Ìtẹ́ kò tíì dé.

A sáré sọdá títì. A bá oníbàárà kan lórí àga, orí rẹ̀ dà bí oko tí wọ́n ro dé ààbọ̀ tí òjò lé àgbẹ̀ wọlé. Awakọ̀ ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọba fẹ́ jókòó." Onígbàjámọ̀ bínú. "Ṣé kí n lé e dìde bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sára ògiri pé iṣẹ́ ò gbọdọ̀ pa ẹnikẹ́ni. Tí ìyàwó rẹ̀ bá rí i báyìí ńkọ́?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkúsọ ni. A dúró. A fá orí náà tán, a yìn ín, a gba àga. Oníbàárà náà bá wa ti àga sọdá, ó sì wọlé wòran. Bó ṣe pẹ́ ká tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Eré lọ bí omi. Ọba náà burú lọ́nà tó dùn-ún wò. Ó pàṣẹ kí òjò má rọ̀ sí ọgbà òun láìkọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó ti ìlù mọ́lé torí pé ó pariwo ju òun lọ. Mo ń wo Bàbá láti ibi tí mo wà. Ó ń rẹ́rìn-ín! Ó fi ìgúnpá gún ẹni tó jókòó tì í, ìyẹn oníbàárà tí a fá lórí: "Ọmọ mi nìyẹn. Ìkà ni, àbí?" Oníbàárà ní, "Ìkà pátápátá, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ."

Ó wá kan ọ̀dàlẹ̀. Awakọ̀ yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dé ẹ̀yìn ìtẹ́, ó fa ọ̀bẹ bọ́tà yọ, gbogbo gbọ̀ngàn mí sínú. Ó gbé e sókè. Ó dúró. Mo rí i tó ń la ẹnu, mo ń mi orí sí i pé rárá, rárá.

"Kábíyèsí," ni Awakọ̀ wí, "ẹ forí jì mí. Ṣé mo lè gún yín?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Ṣùgbọ́n òṣèré ni òṣèré. Akúpẹ́ yí ìtẹ́ bírí, ó kọjú sí i, ó fi ohùn ọba sọ pé, "Ọ̀dàlẹ̀! Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ èrò ọkàn rẹ. Gún mi, bí o bá láyà!"

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n," ni Awakọ̀ wí, ó sì gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì.

Akúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí kíkú Akúpẹ́ títí, ti ọjọ́ yìí yàtọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ irin àga, àga sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, fíìì, bí oòrùn tó ń wọ̀. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan kí gbogbo ayé lè rí ojú rẹ̀. Ó ṣubú. Ó dágbére fún ìtẹ́. Ó dágbére fún olorì. Ó dágbére fún ẹṣin kan tí kò sí nínú eré náà rárá. Ìyàwó rẹ̀ ti ń fi etí aṣọ nu ojú. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá pẹ̀lú kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó di agogo mú lọ́rùn bí ẹni di adìyẹ tó fẹ́ sá. Akúpẹ́ wọ́ ara rẹ̀ dé etí ìtàgé níbi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí, ó gbé orí sókè fún gbólóhùn ìkẹyìn, èyí tó ti ń tọ́jú de ọjọ́ náà. Orí rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ kúrò létí ìtàgé, ó rọ̀ wálẹ̀, ó sì kan bàtà Bàbá.

Gbàùn! Gbàùn! Gbàùn!

Ọwọ́ gbọ́ kí orí tó gbọ́; ó kúkú ti pẹ́ ká tó bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu. Awakọ̀ tẹ̀ síwájú, "Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ọ̀bẹ mi," ó fà á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó nù ún sí ṣòkòtò. Aránṣọ já aṣọ ìtẹ́bùsùn lulẹ̀, ó sì fi èmi nìkan sílẹ̀ ní gbangba pẹ̀lú ẹnu tí mo là sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ dìde láàárín èrò, "Ẹ ṣíwọ́ díẹ̀, ẹ ṣíwọ́ díẹ̀," ó ti ìtẹ́ gba àárín wọn kọjá. Ìyàwó Akúpẹ́ gòkè pẹ̀lú omijé lójú, ó bọ́ adé kúrò lórí ọkọ rẹ̀, ó ní, "O kú dáadáa, olówó orí mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ se ìrẹsì." Ìyá Ẹgbẹ́ alára, tó yẹ kó dá wa dúró, ti ń tú ìkọ́ kọ́tìnì rẹ̀ lọ́rùn ọba.

Akúpẹ́ dìde jókòó nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. "Bàbá! Mi ò tíì kú tán!"

"Ta ló ní kó o kú?" Bàbá pariwo. "Agogo ti dún. Dìde, ká lọ jẹun."

"Gbólóhùn kan ló kù!"

"Gbé e mì!"

Ẹnì kan kígbe láàárín èrò, "Ẹ jẹ́ kó kú jàre! Ọ̀nà jíjìn la ti wá!" Oníbàárà tí a fá lórí dá a lóhùn, "Òṣìṣẹ́ ni! Kó lọ sinmi! Ṣé ẹ̀yin kì í ṣíwọ́ ni?" Ni gbọ̀ngàn bá pín sí méjì, àwọn tó fẹ́ kí ọba kú àti àwọn tó fẹ́ kó lọ jẹun.

Bàbá dìde, ó nawọ́ sí ògiri. "Kí ni ẹ kọ síbẹ̀ yẹn? Ẹ bá mi kà á. Ẹ ní iṣẹ́ ibí yìí ò gbọdọ̀ pa ẹnikẹ́ni. Ọmọ tèmi kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni?"

Akúpẹ́ gbójú sókè láti dáhùn. Inú ń bí i, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bá aago tó wà lókè ilẹ̀kùn pàdé, ó sì dúró síbẹ̀. Èmi náà wò ó, torí aṣọ ìtẹ́bùsùn ti kúrò lójú mi. Aago mẹ́fà kò tíì lù. Ọwọ́ gígùn ṣì ní ọ̀nà díẹ̀ níwájú, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò sẹ́ni tó ń lé e.

Bàbá tí kò lu agogo ṣáájú àkókò rí. Bàbá tó ní kí ọ̀gá àgbà lọ bẹ oòrùn.

Akúpẹ́ wo aago. Ó wo agogo. Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá mọ̀ pé ó ti rí i. Ó tẹ̀ mọ́ etí ìtàgé, ó rẹ ohùn sílẹ̀, àwa tó wà nítòsí nìkan la gbọ́ ọ. "Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìwọ lo máa sin mí, bí Ọlọ́run bá fẹ́, nígbà tó bá yá. Èmi ò lè jókòó sórí àga kí n máa wò ẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ṣé orúnkún ló ń dùn mí? Orúnkún mi le ju tìẹ lọ."

Ìyá Ẹgbẹ́ náà ti wá rí aago. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Kó tó sọ ọ́, Akúpẹ́ ti dìde dúró, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, láìsí adé, láìsí ìtẹ́, ó sì yọ ohùn ọba síta tó kan ògiri ẹ̀yìn:

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Agogo ti dún lásìkò! Ọba yín kò kú mọ́. Ẹ lọ sílé, kẹ́ ẹ lọ bá àwọn tó ń retí yín jẹun. Àṣẹ ni mo pa!"

Ni àtẹ́wọ́ bá bẹ́ sílẹ̀. Mo rántí pé ẹnì kan kàn ń pariwo pé, "Kábíyèsí! Kábíyèsí! Àǹfààní wo ni kíkú ní?" Ìyá Ẹgbẹ́ pa ẹnu rẹ̀ dé, ó ká kọ́tìnì rẹ̀ mọ́ apá, ó ní, "Ọlọ́run, o ṣeun," kò sì sọ ohun tó ń dúpẹ́ fún.

Akúpẹ́ àti bàbá rẹ̀ jọ gbé agogo náà relé, ẹnì kan dì í mú lápá kan, ẹnì kejì lápá kejì. Mò ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ní ìkóríta, Akúpẹ́ ní, "Bàbá, ẹ lù ú ṣáájú o." Bàbá ní, "Aago gbọ̀ngàn yín ló ń fà sẹ́yìn." Wọn ò tún sọ ọ́ mọ́.

Láti ọjọ́ náà, àwọn òǹwòran wa di méjì. Lọ́jọ́ tí Bàbá kò bá lè wá, Akúpẹ́ á kú ní àkútán. Á dágbére fún ẹṣin, á dágbére fún ọmọ ẹṣin. Ó kàn ń tètè bẹ̀rẹ̀ kó lè bá aago mẹ́fà mu ni. Lọ́jọ́ tí Bàbá bá wá, ọba kì í kú. Àwọn èèyàn sì ń bèèrè lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé: "Ṣé Bàbá wà níbẹ̀ lónìí?" Àwọn kan á tìtorí rẹ̀ padà sílé, àwọn kan á tìtorí rẹ̀ wọlé.

Ṣùgbọ́n Bàbá kò wá ní ààlà mọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ọ̀bẹ tó kan ọba ló lu agogo. Lẹ́yìn ìyẹn, kí Awakọ̀ tó fa ọ̀bẹ yọ. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Awakọ̀ kàn húkọ́ lẹ́yìn ìtẹ́ ni, gbàùn! onígbàjámọ̀ ti ń ti àga lọ. Ìyá Ẹgbẹ́ fọwọ́ lérán. Ó ní kí ọdún yìí tó parí, a ó kàn máa ṣí aṣọ ìkélé, ká kí ọba, ká máa relé.

Mo sọ fún Akúpẹ́ pé kó bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó mi orí. Ó ní àdúrà kan ṣoṣo ni òun gbà lórí iṣẹ́ yìí, pé kí bàbá òun jókòó títí dé ìparí eré, Ọlọ́run sì ti gbọ́. Bàbá kò lè jókòó dé ìparí. Ìparí ló ń wá Bàbá bọ̀ níbi tó jókòó sí.